Ajá wo ló yẹ ilé tí ọmọ kékeré wà?

Ọ̀rọ̀ ajá la fẹ́ jọ sọ lónìí.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Àjàṣẹ́ ra ọmọ ajá kan. Olè ti fo ògiri wọ ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹni tó ta ajá náà fún un sọ pé ajá òyìnbó gidi ni, pé tó bá dàgbà, kò sí olè tó máa sún mọ́ ilé. Wọ́n so ajá yìí mọ́ ìdí igi máńgòrò láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tó di ajá oṣù mẹ́sàn-án, ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rin, sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù tó yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ oúnjẹ ajá. Ajá náà bù ú jẹ lẹ́rẹ̀kẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà bi wọ́n ni pé: "Ṣé ajá yìí ti gba abẹ́rẹ́?" Kò sẹ́ni tó lè dáhùn.

Ọmọ náà yè, a dúpẹ́. Àpá ọgbẹ́ náà ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan tí bàbá rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà ò kúrò lọ́kàn mi: "Torí olè ni mo ṣe ra ajá, mi ò rántí pé ọmọ mi ló máa bá a gbé." Ìdí rèé tí mo fi kọ èyí, kí ẹni tó ń ronú àtimú ajá wọlé lè rí ohun gbé yẹ̀ wò kó tó sanwó.

Kí ẹ tó béèrè irú ajá, ẹ béèrè iṣẹ́ ajá

Nǹkan méjì lọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fẹ́ lára ajá kan ṣoṣo. A fẹ́ kó burú sí àlejò, a tún fẹ́ kó rọ̀ bí òwú sí ọmọ. Méjèèjì lè wà lára ajá kan, àmọ́ iṣẹ́ ńlá ni, ìkọ́ni ló ń mú un wá. Ajá ò mọ̀ pé ọmọ aládùúgbò tó wá bá ọmọ yín ṣeré kì í ṣe olè. Bẹ́ẹ̀ ilé tiwa kì í ṣe ilé tí ìlẹ̀kùn ń wà ní títì láti àárọ̀. Ìyá àgbà ń wọlé, ẹlẹ́kọ ń kiri wọlé, ọmọ ẹ̀gbọ́n ń wá pọn omi. Ajá tí wọ́n kọ́ láti kórìíra gbogbo ẹni tó bá wọlé, ọjọ́ kan á ṣe é sí ẹni tí kò yẹ.

Ní ti olè, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa: ariwo ajá ló ń dá olè padà ju eyín rẹ̀ lọ. Olè ò fẹ́ kí onílé jí. Ajá kékeré tó ń gbó nígbà tó yẹ ti ṣe iṣẹ́ ọdẹ tán. Ẹ ò nílò ajá tó wúwo bí àgbàlagbà èèyàn láti jí yín lóru.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè wọ̀nyí. Ta ló máa fún un ní oúnjẹ àti omi lójoojúmọ́? Ẹ má sọ pé ọmọ ni o. Ọmọ á gbàgbé, àgbàlagbà ló ni iṣẹ́ yẹn. Ṣé àyè wà tó lè fi sáré? Ṣé ìbòji wà? Ṣé owó abẹ́rẹ́ àti oògùn aràn á wà lọ́dọọdún? Ajá ńlá tó wúwo tó kílò 30 lè jẹ oúnjẹ gbígbẹ tó nǹkan bíi 400 giramu lójúmọ́, ìyẹn kílò 12 lóṣù. Ẹ fi iye tí wọ́n ń tà á lọ́dọ̀ yín ṣe ìṣirò rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì rántí pé ajá lè gbé ọdún 10 sí 13. Ọmọ yín tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún lónìí á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ yunifásítì kí ajá náà tó kú.

Tó bá jẹ́ agboolé lẹ ń gbé, ẹ bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ kí ajá tó wọlé. Ní Àjàṣẹ́ àti ní Kétu, Mùsùlùmí àtẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí jọ ń gbé inú agboolé kan ni. Ọ̀rọ̀ itọ́ ajá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ẹni tó ń ṣe àlùwàlá. Kí ajá ní ibi tirẹ̀, kí abọ́ tirẹ̀ má dà pọ̀ mọ́ abọ́ ilé, ìjà á dín kù.

Ajá ilé tiwa: ẹ má fojú kéré rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Ajá tá a mọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ajá onírun kúkúrú, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí àwọn ọdẹ wa ń mú wọ igbó, òun lọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní "ajá lásán". Kì í ṣe ajá lásán rárá. Oòrùn wa ò ṣe é ní nǹkan kan. Kì í jẹun púpọ̀. Ara rẹ̀ kì í tóbi jù, tó bá sì fò mọ́ ọmọ, ọmọ ò ní fẹ̀yìn lélẹ̀ bíi ti ajá ńlá. Ó gbọ́n, ó mọ ará ilé, ó mọ àlejò, ó sì máa ń gbó kó tó ronú àtibuni jẹ.

Kódà àwọn òyìnbó ti wá mú ìbátan rẹ̀ kan láti igbó Kóńgò, wọ́n ń pè é ní basenji, wọ́n sì ń tà á ní owó ńlá lọ́dọ̀ wọn. Ajá ọdẹ lòun náà, kì í sì í gbó bí ajá yòókù. Ohun tí wọ́n ń sanwó fún lọ́hùn-ún nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìbátan rẹ̀ ń rìn lójú títì níwájú ilé wa.

Àléébù ajá ilé kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ wa ló wà. A kì í fún un ní abẹ́rẹ́, a máa ń jẹ́ kó rìn kiri, a máa ń sọ ọ́ ní òkò. Ajá tí wọ́n ti sọ ní òkò láti kékeré máa ń bẹ̀rù ọmọdé, ajá tó ń bẹ̀rù ló sì ń buni jẹ. Tẹ́ ẹ bá mú ọmọ ajá ilé láti kékeré, tẹ́ ẹ fún un ní abẹ́rẹ́, tẹ́ ẹ tọ́ ọ dáadáa, lójú tèmi, kò sí ajá tó bá ilé wa mu tó o.

Àwọn ajá tí wọ́n ń kó wá láti òkèèrè

*Labrador.* Kánádà ni ìran rẹ̀ ti wá, ní Newfoundland, kí àwọn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sọ ọ́ di ajá tó ń bá ọdẹ gbé ẹyẹ wálé. Torí iṣẹ́ yẹn, ẹnu rẹ̀ rọ̀, ó sì fẹ́ràn èèyàn gan-an. Òun ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ tí wọ́n bá ń sọ ajá ọmọdé. Àmọ́ ó máa ń wúwo tó kílò 25 sí 36, agbára rẹ̀ sì pọ̀ nígbà tó bá wà lọ́mọdé. Ó lè ti ọmọ ọdún méjì ṣubú níbi eré lásán. Ó jẹun bí ẹni tí kò yó rí, ó sì tètè ń sanra. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe ajá ẹ̀ṣọ́ á kábàámọ̀, torí ó lè fi ìrù kí olè káàbọ̀.

*Berger allemand.* Ajá darandaran ilẹ̀ Jámánì ni. Ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Max von Stephanitz ló dá ẹgbẹ́ tó ń tọ́ irú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1899. Ọgbọ́n orí rẹ̀ pọ̀, ìdí nìyẹn tí ọlọ́pàá àti sójà fi ń lò ó. Ó lè dára fún ilé ọmọ tí wọ́n bá kọ́ ọ dáadáa, tí wọ́n sì ń mú un jáde lójoojúmọ́. Àmọ́ ọlọ́gbọ́n tí kò níṣẹ́ máa ń wá iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá so ó mọ́lẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, á máa lé ọmọ tó ń sáré kiri bí ẹní ń lé àgùntàn, á sì máa gé wọn jẹ lẹ́sẹ̀.

*Rottweiler àti boerboel.* Orúkọ ìlú Rottweil ní Jámánì ni ti àkọ́kọ́. Ajá alápatà ni láyé àtijọ́, ó máa ń fa kẹ̀kẹ́ ẹran nígbà yẹn. Akọ rẹ̀ lè wúwo tó kílò 50 sí 60. Boerboel ní tirẹ̀, ilẹ̀ South Africa ló ti wá, ó ń ṣọ́ oko, ó sì lè tóbi ju Rottweiler lọ. Kì í ṣe pé wọ́n ya ìkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn nífẹ̀ẹ́ ọmọ ilé wọn. Àmọ́ àṣìṣe ajá kékeré á dá ọgbẹ́ síni lára. Àṣìṣe ajá oníkílò 60 lè gba ẹ̀mí. Ẹ̀yin ará wa tó wà nílẹ̀ Faransé mọ̀ pé òfin ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1999 ka Rottweiler mọ́ ajá tó gba ìṣọ́ra: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè ní in, tí wọ́n bá sì mú un jáde, ó gbọ́dọ̀ wà lókùn, kí wọ́n sì dì í lẹ́nu. Ìmọ̀ràn mi ni pé ẹni tí ò bá tíì tọ́ ajá rí, tó sì ní ọmọ kékeré nílé, kó má fi irú èyí bẹ̀rẹ̀.

*Àwọn ajá kékeré.* Chihuahua ò lè pa ẹnikẹ́ni lára púpọ̀, àmọ́ ọmọ lè pa á lára. Egungun rẹ̀ ò ní agbára. Tí ọmọ ọdún mẹ́ta bá gbé e tó sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ lè kán. Torí ó mọ bẹ́ẹ̀, ó tètè máa ń fi eyín dáhùn. Caniche sàn jù fún ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀: ó gbọ́n, irun rẹ̀ kì í dà sílẹ̀, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa gé irun náà déédéé.

*Àwọn tí ooru wa ò bá lára mu.* Ajá onímú pẹlẹbẹ bíi bulldog Faransé kì í lè mí dáadáa nínú ooru. Husky, ajá tó ń fa ọkọ̀ lórí yìnyín, aṣọ òtútù ló wọ̀ sára láti ọ̀run wá. Ìyà lásán ni kéèyàn mú un wá sínú oòrùn Kútọnu. Ajá tára ń ni máa ń kanra, bíi tèèyàn náà ni.

Ọjọ́ orí ọmọ yín ńkọ́?

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà kò lè mọ ìgbà tí ajá ò fẹ́ eré mọ́. Á fa ìrù, á fa etí, á gun ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹṣin. Tí ẹ bá ní ọmọ ọwọ́ àti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ẹ ò kù díẹ̀ káàtó tẹ́ ẹ bá ní sùúrù fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ọmọ ajá náà dà bí ọmọ ọwọ́ míì nílé: á máa tọ̀ sílẹ̀, á máa ké lóru, tí eyín rẹ̀ bá ń yọ, á máa gé gbogbo nǹkan jẹ, ìka ọmọ wà lára rẹ̀. Ìyá tó ń tọ́ ọmọ méjì kékeré lọ́wọ́ ò nílò ẹ̀kẹta. Tẹ́ ò bá lè dúró, ajá tó ti dàgbà, tẹ́ ẹ mọ ìwà rẹ̀, tó ti bá ọmọdé gbé rí, sàn ju ọmọ ajá lọ.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ mú un

Ẹ ní kẹ́ ẹ rí ìyá rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì ju ìwé tí wọ́n ń nà síni lọ. Tí ìyá bá ń bẹ̀rù èèyàn, tàbí tó ń fẹ́ buni jẹ láìnídìí, ọmọ lè mú nínú rẹ̀. Ẹ má gba ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àtàwọn tí wọ́n jọ bí i pọ̀ ló ti ń kọ́ pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ gé ẹlòmíì jẹ jù níbi eré. Èyí tí wọ́n bá tètè já gbà lẹ́nu ọmú kì í mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ojú rẹ̀, kó mọ́. Ẹ wo imú rẹ̀, kó má máa ṣàn. Tí ara bá rù tí ikùn sì wú, aràn ti kún inú rẹ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́ díẹ̀: èyí tó bá ta kìjí tó sì padà wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀, òun ni ẹ mú. Èyí tó sá sábẹ́ àga tí kò jáde mọ́, àtèyí tó ń já sí gbogbo wọn lára, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní ọmọ nílé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrìnlá ni ọpọlọ ajá ń ṣí sílẹ̀ jù láti mọ ohun tó wà láyé. Ẹ jẹ́ kó rí ọmọdé, arúgbó tó ń tẹ̀ ọ̀pá, obìnrin tó gbé ẹrù lérí, kó gbọ́ ìró zémidjan àti ìlù. Ohun tó bá mọ̀ nígbà yẹn kò ní bà á lẹ́rù lẹ́yìn ọ̀la.

Abẹ́rẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọ̀la

Àrùn dìgbòlugi kì í ṣe ìtàn àtijọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS, fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń pa lọ́dọọdún, ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà ló sì pọ̀ sí jù. Ajá ló ń kó o ran èèyàn nínú 99 lára 100. Nínú 100 èèyàn tí ẹran tí wọ́n fura sí pé ó ní àrùn yìí bá bù jẹ, 40 jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Tí àmì àrùn náà bá ti hàn lára èèyàn, kò sóògùn mọ́. Ikú ló kù. Àmọ́ tí wọ́n bá tètè gba abẹ́rẹ́ lẹ́yìn tí ajá bù wọ́n jẹ, wọ́n á yè.

Ọmọdé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú yìí. Lọ́jọ́ 6 oṣù keje ọdún 1885, ní Paris, Louis Pasteur mú kí wọ́n gún Joseph Meister, ọmọ ọdún 9 tí ajá dìgbòlugi bù jẹ ní Alsace, ní abẹ́rẹ́ tuntun náà. Ọmọ náà ò kú. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ tí Pasteur kú lọ́dún 1895, ni gbogbo ayé fi ń rántí ìjà tí wọ́n ń bá àrùn yìí jà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹranko tó wà nítòsí yín bóyá wọ́n máa fún ajá ní abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà.

Bí ẹ ṣe máa tò ó rèé. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, abẹ́rẹ́ àwọn àrùn tó ń pa ọmọ ajá, irú bíi parvo tó ń mú kí wọ́n máa yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á tún un gún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Tó bá pé oṣù mẹ́ta, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kẹ́ ẹ sì tún un gún lẹ́yìn ọdún kan. Oògùn aràn pẹ̀lú, torí aràn inú ajá lè wọ inú ọmọ tó ń fi ọwọ́ eléèpẹ̀ sẹ́nu. Ẹ máa yọ eégbọn lára rẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀ síbi tẹ́ ẹ tọ́jú ti ọmọ sí. Lọ́jọ́ tí dókítà bá béèrè, ẹ ò ní dákẹ́ bí ọ̀rẹ́ mi.

Òfin ilé fún ọmọ àti fún ajá

Ẹ má fi ọmọ kékeré àti ajá sílẹ̀ láwọn nìkan, kódà bí ajá náà bá jẹ́ ajá tẹ́ ẹ fọkàn tán jù. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé:

- Ajá tó ń jẹun, a kì í sún mọ́ ọn. Ajá tó ń sùn, a kì í fọwọ́ kàn án. Abo ajá tó bímọ, a kì í lọ wo ọmọ rẹ̀.
- Ajá ẹlòmíì, a máa ń béèrè lọ́wọ́ olówó rẹ̀ ká tó fọwọ́ kàn án.
- Tí ajá tá ò mọ̀ bá ń bọ̀, a kì í sá. Dúró ṣinṣin bí igi, má wò ó lójú, ká ọwọ́ mọ́ra. Tó o bá ṣubú, ká ara rẹ jọ bí òkúta, fi ọwọ́ bo ojú àti ọrùn.

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ kọ́ èdè ajá. Ajá tó gan paali, tó ń lá ẹnu láìrí oúnjẹ, tó ń yán láìsùn, tó yíjú kúrò tó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ọmọ, ó ń sọ pé "ó tó" ni. Jíju ìrù nìkan ò túmọ̀ sí ayọ̀. Tó bá sì kùn, ẹ má nà án. Kíkùn ni ìkìlọ̀ rẹ̀. Ajá tí wọ́n nà títí tí kò fi kùn mọ́, á kàn buni jẹ láìsọ nǹkan kan ni. Ẹ mú ọmọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wádìí ohun tó ń bí i nínú.

Síso ajá mọ́lẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ náà kì í sọ ọ́ di akọni. Ó ń sọ ọ́ di oníjà ni. Tẹ́ ò bá ní ọgbà, ẹ mú un jáde láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, lókùn.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Tí ajá bá bu ọmọ jẹ tàbí tó lá ojú ọgbẹ́ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ẹ má fi epo, ata tàbí irun ajá sí i. Ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọgbẹ́ náà kéré. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ padà wá gba abẹ́rẹ́ yòókù, ẹ padà lọ gba gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ má sì yára pa ajá náà kẹ́ ẹ gbé e jù nù. Ẹ tì í mọ́ ibì kan, kí dókítà ẹranko máa wò ó fún ọjọ́ 10. Tó bá ṣì wà láàyè tára rẹ̀ sì le lẹ́yìn ìyẹn, ọkàn yín á balẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Àjàṣẹ́ ti ní ajá míì báyìí. Abo ajá ilé ni, pupa, ó mú un lọ́dọ̀ ọdẹ kan lẹ́bàá Kétu lẹ́yìn tó ti rí ìyá rẹ̀. Ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà nínú àpótí kan náà pẹ̀lú tàwọn ọmọ. Ọmọbìnrin tó ní àpá lẹ́rẹ̀kẹ́ yẹn bẹ̀rù rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò sẹ́ni tó fipá mú un. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló gbé omi fún un. Òun náà ló sì fún un lórúkọ: Sùúrù.

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bá a bá ṣe tọ́ ajá nílé ló ṣe máa rí lójú ọmọ wa, àti lójú ọmọ ẹlòmíì.